Bí Màámi Ṣe Di Alátìlẹ́yìn Lituéníà

Nígbà tí Màámi dé ọ̀dọ̀ wa ní Bolingbrook, nítòsí Ṣikágò ní Amẹ́ríkà, ewé ti ń já bọ́ lára igi. Ọdún tí bàbá wa ṣaláìsí ni. Ó ti parí opó ṣíṣe nílé ní Ìwó, àwa ọmọ sì ti fẹnu kò pé kò gbọdọ̀ dá gbé inú ilé ńlá yẹn. Èmi ni mo ní yàrá tó ṣófo, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ní kó wá.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní apá gúúsù Ṣikágò. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọkọ mi ń ṣe, ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo sì wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, oníkálukú á wọ mọ́tò rẹ̀, ọmọ á wọ bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ilé á sì dá páropáro títí di ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ aránṣọ ni Màámi fi tọ́ wa. Ojúlé rẹ̀ kì í ṣófo ní Ìwó: àwọn ìyá tó mú ọmọ wá wọn yunifọ́ọ̀mù, àwọn ọmọṣẹ́, àwọn tí wọn kò tilẹ̀ ní aṣọ kankan láti rán, tí wọ́n kàn wá jókòó. Òun náà ló wá ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé báyìí, tó ń wo títì tí ẹnikẹ́ni kì í fẹsẹ̀ rìn.

"Ṣé àwọn èèyàn ń gbé inú àwọn ilé wọ̀nyí?" ó bi mí lọ́jọ́ kan.

"Wọ́n ń gbé ibẹ̀, Màámi."

"Mọ́tò nìkan ni mò ń rí. Gáréèjì á ya ẹnu, á gbé mọ́tò mì, á pa ẹnu dé. N ò tíì rí ojú èèyàn."

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí òun máa padà sílé. Kò bínú, kò sì sunkún. Ó kàn ń béèrè bí ẹni ń béèrè ìgbà tí òjò máa dá ni. Mo máa ń sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí òtútù kọjá ná. Òun á ní ó dáa, á sì tún bi mí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, tí yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀, mo tètè dé láti ibi iṣẹ́. Mo pe Màámi, kò dáhùn. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì. Kóòtù rẹ̀ wà lára ìkọ́, kóòtù yẹn ló sì já mi láyà, nítorí pé ẹni tó bá jáde nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀ láìwọ kóòtù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Mo sáré gba ẹ̀yìn ilé. Ibẹ̀ ni mo ti rí ojú ẹsẹ̀ nínú yìnyín: ti sálúbàtà Màámi, àti ti bàtà gìrìwò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Méjèèjì jọ gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ilé tó múlé gbe tiwa.

Ìyá òyìnbó àgbàlagbà kan ló ń dá gbé ilé yẹn. Láti ìgbà tí a ti kó débẹ̀, a kò ṣe ju kí a juwọ́ síra wa láti inú mọ́tò lọ. Mo kan ilẹ̀kùn, ó ṣí i, kò sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

"Ìyá rẹ wà níbí," ó wí, pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì tó ń já ní kéékèèké. "Ó dáa. Ó ń mu tíì."

Mo bá Màámi lórí àga onítìmùtìmù, ó fi kúbùsù bora, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ife tíì olóyin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iwájú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n gbé e sí, àwọn ọkùnrin gíga gíga sì ń sáré káàkiri nínú rẹ̀, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tí gbogbo èèyàn níbí mọ̀ sí básíkẹ́ẹ̀tì. Màámi yíjú sí mi díẹ̀, ó sì yí i padà.

"O ti dé? Jókòó. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó jáde lọ da ìdọ̀tí nù, atẹ́gùn sì pa ilẹ̀kùn dé. Ilẹ̀kùn wa a máa ti ara rẹ̀. Ó kàn án títí, kò sí ẹni tó máa ṣí i. Ìyá yìí rí i láti ojú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ó sì jáde wá mú un. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, Màámi kúnlẹ̀ láti dúpẹ́. Ìyá náà rò pé òtútù ló ń gbé e ṣubú, ló bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lábíyá, ó ń fà á dìde, bí ó ṣe ń fà á ni Màámi túbọ̀ ń kúnlẹ̀. Nígbà tí èmi náà wá kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀ rẹ̀, ó wò mí, ó wo Màámi, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú ìyá ẹlòmíràn nílé ìwòsàn. Ọjọ́ yẹn ni ẹlòmíràn kọ́kọ́ bá mi tọ́jú tèmi. N kò tíì mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ rẹ̀ tán títí di òní.

Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́, Màámi á wọ kóòtù, á gba ẹ̀gbẹ́ ilé, á lọ. Kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ju "táńkíù" lọ. Gẹ̀ẹ́sì ìyá yẹn náà kò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán, Lituéníà ló ti wá nígbà tó ti dàgbà. Orílẹ̀-èdè kékeré kan ni Lituéníà, létí òkun lápá àríwá Yúróòpù. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ti pọ̀ ní agbègbè Ṣikágò yìí kí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa tó mọ̀ pé Ṣikágò wà láyé. Màámi béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìyá náà dàgbà ju òun lọ. Mo ní ó jù ú lọ dáadáa. Láti ìgbà náà ló ti ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, ìyá náà sì ń dáhùn.

"Kí lẹ máa ń bára yín sọ?" mo bi Màámi.

"Kí la fẹ́ sọ? A ń wo bọ́ọ̀lù."

Bọ́ọ̀lù ni lóòótọ́. Ọmọ ìyá náà obìnrin, tó ń gbé ní Lemont, ìlú tó wà nítòsí wa, ti kó àwọn eré àtijọ́ ti ikọ̀ orílẹ̀-èdè wọn jọ fún un, ó sì so wọ́n mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ìyá méjèèjì á jókòó tì wọ́n láti òwúrọ̀. Èmi rò pé Màámi kàn ń fi pa ọjọ́ ni, àfi ìgbà tó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan nídìí oúnjẹ.

"Nǹkan kan wà tó ń rú mi lójú. Ọkùnrin gíga kan wà níbẹ̀, aṣọ pupa ló wọ̀ nínú eré tí a wò lánàá. Lónìí, aṣọ aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Ojú kan náà ni, ìrìn kan náà ni. Èmi náà ti rán yunifọ́ọ̀mù fún ilé ìwé mélòó kan, mo mọ̀ pé ọmọ kì í dédé pààrọ̀ yunifọ́ọ̀mù. Bá mi bi Ẹ̀gbọ́n."

Lọ́jọ́ Sátidé mo bá a lọ. Mo bi ìyá náà bí Màámi ṣe ní kí n bi í. Ó dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó gbé omi kaná. Ìgbà tó gbé tíì síwájú wa tán ló tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, èmi sì ń túmọ̀.

Ó ní kí wọ́n tó bí òun ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, àti pé Ṣikágò wà nínú rẹ̀. Ṣáájú ogun àgbáyé kejì, àwọn ọmọ Lituéníà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tí àwọn kan nínú wọn dàgbà ní Ṣikágò níbí, wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí ilẹ̀ bàbá wọn. Wọ́n mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n gbá, wọ́n sì fi kọ́ àwọn ará ilé. Bí orílẹ̀-èdè tí kò tóbi tó ìpínlẹ̀ tí a wà yìí ṣe gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Yúróòpù nìyẹn. Nígbà tí ó wá di pé ọ̀dọ̀ wọn ni ìdíje tó tẹ̀ lé e yóò ti wáyé, wọn kò ní gbọ̀ngàn tó tó o ṣe. Wọ́n kọ́ ọ kíákíá, kí àlejò tó dé.

"Bàbá mi wà lára àwọn bíríkìlà," ìyá náà wí. "Kò mọ bọ́ọ̀lù jù rárá. Bó o bá gbé e síwájú kànga, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ṣùgbọ́n wọ́n tún gba ife náà nínú gbọ̀ngàn yẹn, títí bàbá mi sì fi kú, bí ẹni pé òun gan-an ló gbà á ló ṣe máa ń sọ ọ́."

Màámi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo túmọ̀ ìyẹn. Ó ní òun mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé, Rọ́ṣíà sì gba ilẹ̀ wọn. Wọ́n fòfin de àsíá wọn. Orúkọ orílẹ̀-èdè náà kúrò nínú ìdíje, àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbàgbé bọ́ọ̀lù. Àwọn tó bá mọ̀ ọ́n gbá jù nínú wọn ni Mọ́síkò, olú ìlú Rọ́ṣíà, máa ń mú, tí wọ́n á wọ aṣọ pupa fún. Ó ní ọdún kan wà tí àwọn aláṣọ pupa gba wúrà Òlíńpíìkì, àwọn ọmọ Lituéníà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ bọ́ sójú pápá.

"Inú wa dùn," ó wí, "inú wa sì bàjẹ́. Nígbà kan náà."

Màámi gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé ó yé mi. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n wá ní kí ìyá wá wòran bí ọmọ ṣe ń jó."

Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, kò jáde dáadáa, mo sì tún un sọ. Ìyá náà mi orí. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara rẹ̀ pẹ̀lú èdè tirẹ̀, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Nígbà tí Lituéníà gba òmìnira padà, kò sí owó lápò ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ náà fẹ́ lọ sí Òlíńpíìkì pẹ̀lú orúkọ ilẹ̀ wọn àti aṣọ aláwọ̀ ewé tiwọn, wọn kò sì rí ohun tí wọ́n máa fi lọ. Ẹgbẹ́ olórin kan láti Amẹ́ríkà níbí, tí kò bá wọn tan rárá, gbọ́ nípa wọn, ó dá owó fún wọn, ó sì fi aṣọ ránṣẹ́. Nínú ìdíje yẹn, àwọn àti àwọn tí wọ́n jọ wọ aṣọ pupa tẹ́lẹ̀ ló wá pàdé láti du ipò kẹta. Lituéníà borí. Ìyá náà wọ yàrá lọ, ó sì mú fọ́tò kan jáde tó gé láti inú ìwé ìròyìn: àwọn ọmọ náà lórí pèpéle, àmì-ẹ̀yẹ idẹ lọ́rùn wọn, aṣọ tí àwọn olórin yẹn fún wọn sì wà lára wọn, àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa tó lọ́ mọ́ra wọn.

Màámi gba fọ́tò náà, ó sún un mọ́ ojú.

"Àdìrẹ nìyí," ó wí. "Àdìrẹ oníko. Wọ́n so ó kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Wo ojú ibi tí okùn wà."

Mo ṣàlàyé fún ìyá náà pé wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ wa, láti ayé àwọn ìyá ìyá wa. Ó gba fọ́tò náà padà, ó sì ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ọkọ mi," ó wí, "n kò rí i kó sunkún rí. Nígbà tí wọ́n fa àsíá wa sókè lọ́jọ́ yẹn, ó dìde, ó wọ ilé ìwẹ̀, ó sì ṣí omi kí n má baà gbọ́ ohùn rẹ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Màámi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wo èmi, ìyá náà ló kọjú sí, bí ẹni pé ó gbọ́ Yorùbá.

"Ọkọ tèmi náà, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló máa ń wá jókòó sí. Ọdún tí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Á ní kí n máa rán nǹkan, ohun yòówù kó jẹ́. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà lórí àkísà lásán, kí ariwo rẹ̀ lè bò ó mọ́lẹ̀ fún un."

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Mo rántí ọdún tí wọ́n dá bàbá wa dúró, mo rántí ariwo ẹ̀rọ yẹn láti inú yàrá, mo sì rántí pé ohun tí mo rò ni pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ Màámi. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá náà. Ìyá náà na ọwọ́, ó di ọwọ́ Màámi mú, a sì jókòó báyẹn títí tíì fi tutù.

Màámi kò béèrè ìgbà tí yóò padà sílé mọ́. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, ìyá yẹn kò jẹ́ fi ẹnu kan nǹkan lójú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Màámi ní kó máa jẹun rẹ̀. Bí a bá fẹ́ ṣínu, á gbé abọ́ pòtétò gígún kan wá, tí wọ́n ṣù bí àkàṣù, tí wọ́n fi nǹkan sí nínú. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi máa ń sí i nílẹ̀ wọn. Ó fi olú rọ́pò rẹ̀ nítorí tiwa. Ọkọ mi jẹ mẹ́ta, ó ní ẹ̀bà tó fi ọbẹ̀ pamọ́ sínú ni.

Nígbà ooru, ìdíje àgbáyé wáyé ní ọ̀nà jíjìn lápá Éṣíà, ó sì ṣẹlẹ̀ pé Lituéníà àti Amẹ́ríkà máa pàdé. Nítorí ìyàtọ̀ aago, òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ló bọ́ sí fún wa. Ìyá náà ní kí gbogbo wa wá. Ó gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì kalẹ̀, ó so aṣọ ọrùn aláwọ̀ ewé mọ́ ara rẹ̀, ó sì so òmíràn mọ́ Màámi. Màámi ti bá a ká etí méjèèjì rán, nítorí ó ní òwú wọn ń tú.

Ọmọbìnrin mi wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù Amẹ́ríkà lọ́rùn. Ó rí ìyá ìyá rẹ̀, ó dúró.

"Grandma, Amẹ́ríkà lẹ̀ ń gbé now. Ṣé ẹ ò ní ṣe tiwa ni?"

"Nígbà tí ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà tì mọ́ mi síta nínú yìnyín," Màámi dá a lóhùn, "ta ló ṣí tirẹ̀ fún mi?"

Ọmọ náà lọ jókòó ti bàbá rẹ̀. Èmi jókòó sáàárín. Ọdún tó ṣáájú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ búra di ọmọ Amẹ́ríkà, n kò sì mọ ẹni tí mo máa gbè lẹ́yìn.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ Lituéníà ti ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, èyí tí wọ́n jù ń wọlé, òmíràn ń tẹ̀ lé e. Ó dà bí ẹni pé bí a bá sọ̀rọ̀, ó lè bàjẹ́. Lẹ́yìn ìsinmi, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn bá, ọmọ mi dìde dúró, ọkọ mi náà dìde. Ìyá náà ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Màámi ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀, n kò sì bi í ohun tó ń ka. Amẹ́ríkà sún mọ́ wọn, ó tún sún mọ́ wọn, àmọ́ wọn kò jẹ́ kó kọjá wọn. Nígbà tí fèrè dún, Lituéníà ló borí.

Ìyá náà kò pariwo. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún nù ún.

"Bàbá mi ì bá gbádùn èyí," ó wí.

Ọmọbìnrin mi, tí ojú rẹ̀ ti rọ, dìde lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní òun kí Ẹ̀gbọ́n kú oríire.

"Ẹ̀gbọ́n ta ni?" Màámi wí. "Ẹ̀gbọ́n tèmi ni. Màmá Àgbà ni kí ìwọ pè é."

Ọmọ náà sì tún un kí bó ṣe yẹ, pẹ̀lú orúnkún tó tẹ̀ díẹ̀, bí àwọn ọmọ tí a bí síbí ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Sẹ́bíà na Lituéníà, wọn kò sì dé ibi àmì-ẹ̀yẹ. Mo lọ kí ìyá náà, mo rò pé màá bá a nínú ìbànújẹ́. Àwọn méjèèjì wà nídìí ewébẹ̀ tí wọ́n ń já nínú ọgbà. Mo ní mo gbọ́ pé wọ́n nà wọ́n.

"Wọ́n nà wá," ìyá náà wí. "Kò burú. Orúkọ wa ni wọ́n pè kí wọ́n tó nà wá."

Màámi lo òtútù kejì pẹ̀lú wa kó tó padà sí Ìwó. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lọ, ara rẹ̀ yá, kò sì lọ bí ẹni tó ń sá. Àbúrò mi sọ fún mi pé ó máa ń sọ ìtàn ikọ̀ yẹn fún àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀, àti pé nínú ìtàn tirẹ̀, bàbá ìyá yẹn nìkan ló dá gbọ̀ngàn náà kọ́. N kò tún un ṣe.

Ìyá náà ti kúrò nítòsí wa. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ọmọ rẹ̀ sì mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Lemont. Mo máa ń yà síbẹ̀ bí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Mo máa ń wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru, mo máa ń wo egbòogi rẹ̀ bóyá ó ń lò ó bó ṣe yẹ. Ohun tí mo lè ṣe nìyẹn, inú mi sì máa ń dùn pé ó ń jẹ́ kí n ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ikọ̀ àwọn obìnrin wọn ló ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí mo dé. Ó fi ọwọ́ lu àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo jókòó, mo sì wò ó pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi parí. Wọ́n fìdí rẹmi. Ó rojọ́ adájọ́ eré náà fún mi fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ sí ilé ìdáná, pé búrẹ́dì dúdú kan wà níbẹ̀ tí òun ti wé fún ọkọ mi.